Ibi tó yẹ kí ẹ gbé server tí kò sí lọ́dọ̀ apt sí lórí Linux

Ilé iṣẹ́ kékeré pọ̀ ní Àkúrẹ́ tí server wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ètò náà wà gan-an nínú ẹ̀rọ. Ẹ wá a títí, ẹ ó bá a nínú /home ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti já pa lọ sí Kánádà. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá fi userdel -r pa àkáǹtì ọmọkùnrin yẹn rẹ́ kí ẹ̀rọ lè mọ́, àkáǹtì lọ, ètò lọ, àkọsílẹ̀ oníbàárà náà bá a lọ.

Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ní ètò server tí apt (ohun èlò tí Debian àti Ubuntu fi ń gbé ètò wọlé) kò ní lọ́wọ́. Bóyá ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́, bóyá ọmọ FUTA kan ló bá yín kọ ọ́, bóyá ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó fi tar.gz (fáìlì kan tí wọ́n di ọ̀pọ̀ fáìlì sínú rẹ̀) ránṣẹ́. Debian àti Ubuntu, oríṣi Linux méjì, ni mo ní lọ́kàn. Màá fi gbólóhùn díẹ̀ kan FreeBSD, tí kì í ṣe Linux, lẹ́yìn, torí ìṣe tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ètò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àwọn tó ń ra kòkó ní ilé ìpamọ́ kan lójú ọ̀nà Oǹdó ń fi fóònù tẹ ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan wọlé, tí server kan nínú ọ́fíìsì ń gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ètò náà ní iwekoko, ẹ̀yà 1.4.0, kó sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú SQLite, database tó wà nínú fáìlì ẹyọ kan. Ẹ ó rí i pé mi ò fi àmì sórí orúkọ yẹn. Mo fẹ́ràn àmì ohùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí orúkọ fáìlì server. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú «ọ́» ju ẹyọ kan lọ, ojú èèyàn kò sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ẹ lè máa wo fáìlì lójú kòrókòró kí ẹ̀rọ máa sọ pé kò sí níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi apt

Ẹ tẹ `apt policy` pẹ̀lú orúkọ ohun tí ẹ fẹ́. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ gbà á níbẹ̀. Nginx, PostgreSQL, Redis, kò sí ìdí tí ẹ fi máa kọ́ wọn láti orísun àyàfi tí ẹ bá nílò ohun kan tí ẹ̀yà inú Debian kò ní. Ohun tí apt bá gbé wọlé, apt ni yóò máa tún un ṣe nígbà tí àléébù ààbò bá yọjú. Ohun tí ẹ̀yin bá gbé wọlé, ọrùn yín ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ta ló ni ibo?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Kí ẹ tó gbé fáìlì kan kalẹ̀, ẹ bi ara yín pé ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ta ni yóò sì yọ ọ́ kúrò.

Apt ló ni /usr. Òun náà ló ni /bin, /sbin àti /lib, tí wọ́n ti di ìsopọ̀ (symlink) tó ń tọ́ka sínú /usr lórí Debian òde òní. Ẹni tó bá kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀, kó má bínú lọ́jọ́ tí onílẹ̀ bá dé. Bí ẹ bá sọ fáìlì yín sínú /usr/bin, apt kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí package kan (ètò tí apt ń gbé wọlé) bá sì gbé fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà wá, dpkg, tó ń bá apt gbé fáìlì kalẹ̀, yóò gbé tirẹ̀ lé tiyín lórí láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

/usr/local ni tiyín. Òfin Debian kò gbà kí package rẹ̀ kankan gbé fáìlì síbẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀, ọwọ́ apt kò ní kàn án. /opt náà jẹ́ tiyín, ṣùgbọ́n ètò inú rẹ̀ yàtọ̀: orúkọ ètò kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọn sì wà lójú kan. Ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní Filesystem Hierarchy Standard (FHS) ló to gbogbo èyí sílẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1994, ẹ̀yà 3.0 sì jáde ní 2015. Kì í ṣe òfin ìjọba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín yóò wá nǹkan síbi tí ìwé yẹn ní kó wà.

Èwo nínú méjèèjì? Bó bá jẹ́ fáìlì ẹyọ kan, bí àpẹẹrẹ script tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ lálaalẹ́, /usr/local/bin ló tọ́ sí i, tàbí /usr/local/sbin bó bá jẹ́ iṣẹ́ alákòóso nìkan. Bó bá jẹ́ server tó ní fáìlì rẹpẹtẹ, /opt ni tèmi. Àwọn kan yóò bá mi jiyàn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, torí /usr/local ni ibi tí `./configure` ń gbé nǹkan sí bí ẹ kò bá sọ ibòmíì fún un. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé `make install` yóò fọ́n fáìlì káàkiri bin, lib, share àti etc. Bí ọdún bá yípo, tí ẹ fẹ́ yọ ọ́, tí ẹni tó kọ ọ́ kò sì kọ `make uninstall` sí i, ẹ ó máa fọwọ́ ṣa á lẹ́yọ lẹ́yọ. GNU Stow lè bá yín tò ó bó bá di dandan kí ẹ lo /usr/local, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè fi `--prefix=/opt/oruko/eya` kọ́ ọ, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yẹn.

Ewu kan tún wà nínú /usr/local/bin. Nínú PATH, ìyẹn àwọn fódà tí ẹ̀rọ ń wá àṣẹ sí lẹ́sẹẹsẹ, òun ló ṣáájú /usr/bin. Bí ẹ bá fi ohun kan tó ń jẹ́ python3 síbẹ̀, gbogbo script tó ń wá python3 nípasẹ̀ env yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo tiyín, títí kan àwọn tí ẹ kò ronú kàn rárá.

Àkáǹtì tí kò sẹ́ni tó lè fi wọlé

Server kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórúkọ root, àkáǹtì ọ̀gá tó lè ṣe ohun gbogbo, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórúkọ yín. Ẹ dá àkáǹtì tirẹ̀ sílẹ̀ fún un:

```
sudo useradd --system --user-group --no-create-home \
     --shell /usr/sbin/nologin iwekoko
```

Kò ní fódà nínú /home, kò sì sí ẹni tó lè fi wọlé. Bí òṣìṣẹ́ kankan bá fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀, iwekoko wà níbi tó wà.

Ẹ gbé ètò náà kalẹ̀

```
sha256sum iwekoko-1.4.0.tar.gz
sudo mkdir -p /opt/iwekoko/1.4.0
sudo tar -xzf iwekoko-1.4.0.tar.gz --no-same-owner \
     --strip-components=1 -C /opt/iwekoko/1.4.0
sudo ln -s 1.4.0 /opt/iwekoko/current
```

Ẹ fi iye tí sha256sum bá gbé jáde wé èyí tí ẹni tó kọ ètò náà fi ránṣẹ́, kí ẹ lè mọ̀ bóyá fáìlì náà dé láì bàjẹ́. Ẹni tó fi dátà fóònù gba fáìlì ńlá nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀, kò yẹ kó fojú di ìgbésẹ̀ yìí.

Ẹ kíyè sí `--no-same-owner`. Bí root bá ń tú tar, ó máa ń fẹ́ dá fáìlì padà fún ẹni tó ni wọ́n lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti dì í. Nọ́ńbà olùlò 1000 lórí láptọ́ọ̀pù ẹni tó kọ ọ́ lè jẹ́ ẹlòmíì pátápátá lórí server yín. A fẹ́ kí root ni gbogbo ohun tó wà nínú /opt/iwekoko, kí àkáǹtì iwekoko lè kà wọ́n, kó lè lò wọ́n, ṣùgbọ́n kó má lè kọ nǹkan kan lé wọn. Bí ọ̀dàlẹ̀ bá gba ojú ihò kan wọ inú server náà, kò ní lè pààrọ̀ ètò fúnra rẹ̀.

Má sọ tar.gz náà nù. /usr/local/src dára fún un. Lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ tí ẹ̀rọ sì bàjẹ́, ẹ ó mọ rírì rẹ̀.

Bó bá jẹ́ Python ni wọ́n fi kọ ètò yín, ẹ má fi pip (tó ń gbé àfikún Python wọlé) kó nǹkan sínú Python ti ẹ̀rọ. Debian 12 yóò kọ̀ fún yín pàápàá, yóò ní «externally-managed-environment». Ẹ dá venv (àyè Python tó dá dúró) sílẹ̀ nínú fódà ẹ̀yà náà, /opt/iwekoko/1.4.0/venv, kí ẹ sì dá a síbi tó máa wà títí, torí venv kì í gbádùn kí wọ́n gbé e láti ibì kan sí ibòmíì.

Fáìlì ìlànà àti páásíwọ́ọ̀dù

Inú /etc ni fáìlì ìlànà (configuration) máa ń wà. Bí ẹ bá tẹ̀lé FHS lẹ́sẹẹsẹ, ti ètò tó wà ní /opt yẹ kó jẹ́ /etc/opt/iwekoko, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ wo àwọn server tí ẹ mọ̀, mélòó ló ṣe bẹ́ẹ̀? /etc/iwekoko ni màá lò.

```
sudo install -d -m 0750 -o root -g iwekoko /etc/iwekoko
sudo install -m 0640 -o root -g iwekoko iwekoko.conf /etc/iwekoko/
```

Root ló ni ín, iwekoko lè kà á, àwọn yòókù kò lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí páásíwọ́ọ̀dù bá wà níbẹ̀, èyí ṣe pàtàkì.

Àkọsílẹ̀ kòkó kò gbọdọ̀ bá ètò gbé

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù nìyí. Ètò ṣeé rí gbà padà. Ìwọ̀n kòkó tí àwọn àgbẹ̀ gbé wá láti Ìdànrè àti agbègbè Oǹdó láti oṣù Ọ̀wàrà, bí ó bá lọ, ó lọ nìyẹn, ẹ̀yin àti baba oníkòkó lẹ jọ máa jókòó sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí database wà nínú /opt. Ibi tirẹ̀ ni /var/lib/iwekoko. Bí ẹ bá fẹ́ pa ẹ̀yà àtijọ́ rẹ́ nínú /opt, ẹ lè ṣe é láì bẹ̀rù pé àkọsílẹ̀ kankan wà nínú rẹ̀.

Àwọn yòókù ní àyè tiwọn náà: ohun tí ètò lè tún ṣe fúnra rẹ̀ bó bá sọnù, inú /var/cache; fáìlì àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀, inú /var/log, bí ẹ kò bá fi í sílẹ̀ fún journald, apá systemd tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀; socket àti fáìlì PID, tí ètò ń lò nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nìkan, inú /run, tó máa ń di òfìfo ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá tún tan. Fáìlì tí ẹ ń pín fún àwọn èèyàn, bí àwòrán tàbí ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, lè wà nínú /srv. Ẹ má fi nǹkan gidi sínú /tmp láé.

Kí ẹ tó tẹ̀síwájú, ẹ fi `df -h` wo ibi tí /var wà. Lórí server kan, dísìkì kan ló gbé gbogbo nǹkan. Lórí òmíràn, /var ní ìpín tirẹ̀, ó sì lè kéré. Bó bá kún, database kò ní lè kọ nǹkan mọ́.

Ẹ fà á lé systemd lọ́wọ́

Systemd ló ń bẹ̀rẹ̀ àwọn server tó sì ń ṣọ́ wọn lórí Debian àti Ubuntu, fáìlì service ló sì fi ń mọ ohun tó máa ṣe. Fáìlì service tí ẹ kọ fúnra yín, /etc/systemd/system ni àyè rẹ̀. Èyí tó wà nínú /usr/lib/systemd/system, apt ló ni ín. Ẹ kọ èyí sínú /etc/systemd/system/iwekoko.service:

```
[Unit]
Description=Server akosile koko
Wants=network-online.target
After=network-online.target

[Service]
User=iwekoko
Group=iwekoko
ExecStart=/opt/iwekoko/current/bin/iwekoko --config /etc/iwekoko/iwekoko.conf
StateDirectory=iwekoko
StateDirectoryMode=0750
ProtectSystem=strict
ProtectHome=true
Restart=on-failure
RestartSec=5

[Install]
WantedBy=multi-user.target
```

Lẹ́yìn náà:

```
sudo systemctl daemon-reload
sudo systemctl enable --now iwekoko
journalctl -u iwekoko -f
```

StateDirectory ló ń dá /var/lib/iwekoko sílẹ̀ tó sì ń fà á lé àkáǹtì iwekoko lọ́wọ́. Ẹ kò ní láti fi mkdir dá a. ProtectSystem=strict sọ gbogbo ẹ̀rọ di kíkà nìkan fún ètò náà, àyàfi ibi tí ẹ bá yọ̀ǹda, fódà StateDirectory yẹn sì wà lára ohun tó yọ̀ǹda fúnra rẹ̀. Bí ètò yín bá kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀, tí journalctl sì ń sọ nípa «Read-only file system», ó túmọ̀ sí pé ó fẹ́ kọ nǹkan síbi tí kò yẹ. Ẹ tún ètò ṣe, ẹ má yọ ààbò.

Ọ̀rọ̀ `enable` kì í ṣe ohun kékeré níbi tiwa. Iná ọba yóò lọ, ínfátà yóò gbìyànjú, jẹnẹrétọ̀ yóò pẹ́ kó tó tàn, ẹ̀rọ yóò kú. Tó bá tún tàn, kò yẹ kó jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá láti Ìjàpọ̀ wá tẹ àṣẹ kó tó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá lo `start` nìkan, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Bí ètò yín bá fẹ́ lo port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó wà nísàlẹ̀ 1024, bíi 80, àkáǹtì tí kì í ṣe root kò lè ṣí i lásán. Ẹ jẹ́ kó lo 8080, kí ẹ fi nginx, tó jẹ́ server wẹ́ẹ̀bù, síwájú rẹ̀. Ọ̀nà míì ni kí ẹ fi `AmbientCapabilities=CAP_NET_BIND_SERVICE` sínú [Service], ṣùgbọ́n nginx yóò bá yín bójú tó HTTPS pẹ̀lú, òun ni mo fara mọ́.

Nígbà tí 1.5.0 bá dé

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀. Ẹ má fi cp ṣe é nígbà tí server ń ṣiṣẹ́, torí ẹ lè gbé SQLite nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ẹ̀dà yín yóò sì jẹ́ ìdàjì-ìdàjì:

```
sudo -u iwekoko sqlite3 /var/lib/iwekoko/iwekoko.db \
     ".backup '/var/lib/iwekoko/ipamo.db'"
```

Ẹ gbé ipamo.db kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn, papọ̀ pẹ̀lú /etc/iwekoko. Ẹ̀dà tó wà lórí dísìkì kan náà kò lè gbà yín lọ́jọ́ tí dísìkì bá kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú ẹ̀yà tuntun sínú /opt/iwekoko/1.5.0 bí ẹ ṣe tú ti àkọ́kọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, 1.4.0 ṣì ń bá iṣẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí iná bá lọ nígbà tí tar ń tú, kò sí aburú, ẹ ó pa fódà 1.5.0 rẹ́, ẹ ó tún un tú. Ìgbà tí ẹ bá yí current padà ni nǹkan yí padà:

```
cd /opt/iwekoko
sudo ln -s 1.5.0 current.tuntun
sudo mv -T current.tuntun current
sudo systemctl restart iwekoko
```

Ẹ ó gbọ́ pé `ln -sfn 1.5.0 current` ṣe ohun kan náà ní ìlà kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà ln àtijọ́ máa ń yọ ìsopọ̀ àtijọ́ kó tó fi tuntun sí i, àlàfo kékeré kan sì wà láàárín tí current kò sí rárá. `mv -T` kò ní àlàfo yẹn: yálà ti àtijọ́ ni tàbí ti tuntun. Níbi tí iná kò ti ṣeé fọkàn tán, mo yan ìlà méjì. Bí ẹ bá sì lo ln, ẹ má gbàgbé lẹ́tà n yẹn, torí láìsí i, ìsopọ̀ tuntun yóò lọ jókòó sínú fódà 1.4.0, yóò sì máa yà yín lẹ́nu pé kí ló dé tí ẹ̀yà àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bí 1.5.0 bá ń ṣe wèrè, ẹ dá current padà sí 1.4.0, ẹ tún service bẹ̀rẹ̀, ó parí. Àyàfi kan ni: bí ẹ̀yà tuntun bá ti yí ètò database padà, ipamo.db lẹ ó nílò, ohun tí wọ́n sì tẹ̀ wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ń wọn kòkó.

Bí kì í bá ṣe Debian

Lórí FreeBSD, ohun gbogbo tí kì í ṣe ara ẹ̀rọ gan-an, títí kan package tí pkg (tó ń ṣe iṣẹ́ apt níbẹ̀) gbé wọlé, inú /usr/local ló wà. Fáìlì ìlànà wà nínú /usr/local/etc, script ìbẹ̀rẹ̀ sì wà nínú /usr/local/etc/rc.d. Ìyẹn ni pé /usr/local níbẹ̀ kì í ṣe tiyín nìkan, pkg náà ń gbé ibẹ̀. Ọ̀nà /opt/iwekoko ṣì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n systemd kò sí.

Lórí Fedora àti àwọn ìbátan rẹ̀, SELinux, ètò ààbò tó ń fi àmì sára fáìlì kọ̀ọ̀kan, ni yóò kọ́kọ́ dí yín lọ́nà. Fáìlì tí ẹ fi mv gbé láti /home sí /opt yóò gbé àmì /home dání, service lè kọ̀ láti lò ó bó tilẹ̀ jẹ́ pé chmod rẹ̀ tọ́. Ẹ tẹ `sudo restorecon -R /opt/iwekoko`, kí ẹ tó ronú àti pa SELinux.

Yíyọ ọ́ kúrò

```
sudo systemctl disable --now iwekoko
sudo rm /etc/systemd/system/iwekoko.service
sudo systemctl daemon-reload
sudo rm -r /opt/iwekoko
```

/etc/iwekoko àti /var/lib/iwekoko, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ẹni tó ni àkọsílẹ̀ yóò fi rí ẹ̀dà tirẹ̀, tó ṣí i, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí ẹ pa á rẹ́. Àkáǹtì iwekoko lẹ ó yọ kẹ́yìn, torí bí ẹ bá yọ ọ́ ṣáájú, fáìlì tó kù yóò di ti nọ́ńbà lásán, ẹ̀rọ lè fi nọ́ńbà yẹn fún àkáǹtì mìíràn lọ́la.